Garrod: Dókítà Tó Rí Àṣírí Ara Nínú Ìtọ̀ Dúdú

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé wa yìí ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan tó lókìkí, tó sì ti kú tipẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á ti máa retí Àfọ̀njá, tàbí Shehu Alimi, tàbí ọ̀kan nínú àwọn àáfà ńlá ìlú wa. Ẹ má bínú. Àwọn wọ̀nyẹn ti ní àwọn tó ń kọ ìtàn wọn lọ́dọọdún. Òyìnbó kan ni mo mú wá. Dókítà ni, Archibald Edward Garrod lorúkọ rẹ̀, ọdún 1936 ló sì kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ò kan Ìlọrin nígbà ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fara balẹ̀ kà á, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá, ó kan àwọn ọmọ wa, ó tún kan àpò oògùn tí ẹ tọ́jú sínú yàrá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ta ni kò rántí chloroquine? Ibà á mú ọmọ bọ́dìn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ọ̀sì á ka oògùn kan náà sí wọn lọ́wọ́, iye kan náà. Nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ kejì, ọ̀kan ti wà lórí pápá tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan ṣì dùbúlẹ̀. Ẹnì kẹta ò fojú ba oorun, ó ń họra títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń fi ẹ̀yìn ha ògiri, ó ń fi ìyarun ha àtẹ́lẹsẹ̀, àwa tó kù sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ mọ ara yín, mi ò dárúkọ. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ò dáa, àwọn kan á ní kò jẹun kó tó lo oògùn ni. Ìjọba àpapọ̀ ti yọ chloroquine kúrò nípò oògùn àkọ́kọ́ fún ibà láti ọdún 2005, nítorí pé kòkòrò ibà ti ń borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú ìyún yẹn ṣì wà nílẹ̀. Kí ló dé tí oògùn kan náà fi ń bá ẹnì kan ṣe ọ̀rẹ́, tó sì ń bá ẹlòmíràn jà? Garrod ló fi ìpìlẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ lélẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ṣe chloroquine rárá.

Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1857 ni wọ́n bí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìmọ̀ ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, Alfred Baring Garrod, jẹ́ dókítà tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ní ọdún 1848, bàbá yìí fi hàn pé nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní uric acid máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn gout ń bá jà, àrùn tó máa ń mú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wú, tí á máa ta èèyàn bí iná. Ẹ fọkàn sí ìyẹn o: bàbá ti ń wá orísun àrùn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ kó tó bí ọmọ tí à ń sọ yìí. Archibald ni ọmọkùnrin rẹ̀ kẹrin.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìlà yìí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ilé ìwé Marlborough, kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Látìnì àti Gíríìkì ni ojúlówó ẹ̀kọ́ nígbà náà, àwọn méjèèjì ò sì wọ̀ ọ́ lára. Ohun tó wù ú ni kòkòrò, ewé, òkúta, àti bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tó dé Yunifásítì Oxford, tí wọ́n gbà kó dojú kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló tó fi hàn pé olórí pípé lòun. Ó jáde ní ipò kìíní lọ́dún 1880. Láti ibẹ̀ ó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní ọsibítù St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní Barts, ó sì tún lọ kún ìmọ̀ rẹ̀ ní Vienna. Ọdún 1886 ló fẹ́ Laura Smith, ọmọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Barts kan náà. Wọ́n bí ọmọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan.

Iṣẹ́ ò tètè gbé e sókè. Nínú ọsibítù yẹn, àfi kí ẹni tó wà lókè kú tàbí kó fẹ̀yìn tì kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ tó lè sún. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún dáadáa kí wọ́n tó fi í ṣe igbákejì oníṣègùn níbẹ̀ lọ́dún 1903, ó sì di ọdún 1912 kó tó gba ipò kíkún. Àwa tí a ti dúró de promósàn rí mọ bó ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn fún un láyè. Ó ń lọ wo àwọn ọmọdé ní ọsibítù Great Ormond Street, ó sì ń jókòó ti àwọn ìgò ìtọ̀, ó ń yẹ àwọ̀ wọn wò. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ̀. Ohun tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dà nù ni òun ń tọ́jú. Gowland Hopkins, tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1929, wà lára àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ibi ìtọ̀ yìí gan-an ni àṣírí ti tú. Àìsàn kan wà tí kò wọ́pọ̀ rárá, alkaptonuria ni wọ́n ń pè é. Tí ẹni tó ní in bá tọ̀, tí ìtọ̀ náà bá pẹ́ lójú afẹ́fẹ́, á dúdú bíi tádàwà. Ìlédìí ọmọ ọwọ́ tó ní in á kún fún àbàwọ́n. Kì í pa ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọjọ́ orí bá ń gorí ọjọ́ orí, á máa ba oríkèé ara jẹ́. Ohun tí àwọn dókítà ìgbà náà gbà gbọ́ ni pé kòkòrò kan ló wà nínú ìfun tó ń fa á, pé àrùn ni, bíi kéèyàn kó ìgbẹ́ gbuuru.

Wọ́n gbé ọmọdékùnrin kan tó ní in wá sọ́dọ̀ Garrod ní Great Ormond Street. Garrod ò fi ojú lásán wò ó. Ó béèrè nípa àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó béèrè oúnjẹ, ó ń wo ìtọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ náà tún lóyún, tó máa bímọ lọ́dún 1901, Garrod ní kí àwọn nọ́ọ̀sì fojú sí ìlédìí ọmọ tuntun náà láti wákàtí àkọ́kọ́. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, àbàwọ́n dúdú ti yọ. Ẹ wò ó, ọmọ tí ò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé, ìgbà wo ló fẹ́ kó kòkòrò, ta ló sì kó o ràn án? Garrod mọ̀ nígbà yẹn pé ọmọ náà gbé e wá láti inú ni.

Wọ́n ní ojú ọ̀nà ló wà lọ́jọ́ kan, tó ń rìn bọ̀ láti ọsibítù, ni èrò kan sọ sí i lọ́kàn: ṣé bàbá àti ìyá ọmọ yìí ò bára wọn tan báyìí? Ó padà lọ béèrè. Àṣé ọmọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, ìyá bàbá ọmọ náà àti ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá. Ó wá àwọn ìdílé mìíràn tí àìsàn náà wà nínú wọn lọ, ó sì tún bá ọ̀rọ̀ kan náà pàdé ju bó ṣe yẹ kó wọ́pọ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó ti ṣe jẹ́nótáìpù kí àáfà tàbí pásítọ̀ tó so yín pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún yín. Ẹni tó jẹ́ AS ò ṣàìsàn, ó kàn gbé S kan sára ni. Tí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin kí ọmọ gba S lọ́dọ̀ bàbá, kó tún gba S lọ́dọ̀ ìyá. S wọ́pọ̀ láàárín wa, ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan kí tọkọtaya bára tan kí wọ́n tó bí SS. Ohun tó ń fa ìtọ̀ dúdú kò wọ́pọ̀. Kí àwọn méjì tó gbé e tó pàdé ara wọn nígboro, ó le díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jẹ́ ọmọ-ọmọ ìyá àgbà kan náà, tí ìyá àgbà yẹn gbé e, kò jìnnà sí wọn mọ́. Ní ìlú tiwa yìí, Yorùbá ní èèwọ̀ ni kí ọmọ ẹ̀gbọ́n fẹ́ ọmọ àbúrò, àwọn ìbátan wa Fúlàní ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Mi ò dá sí ìyẹn. Mo kàn ń sọ ohun tí Garrod rí ni.

William Bateson, onímọ̀ nípa àjogúnbá ní Cambridge, ló ràn án lọ́wọ́. Ọdún 1900 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú iṣẹ́ Mendel jáde, mọ́ńkì tó gbin ẹ̀wà pea sínú ọgbà, tó fi rí i bí àwọ̀ àti ìrísí ṣe ń lọ láti ìran dé ìran. Bateson rí i pé ìṣirò ẹ̀wà Mendel ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ìdílé Garrod. Nígbà tí Garrod gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní oṣù Kejìlá ọdún 1902, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fi òfin Mendel ṣàlàyé àìsàn ara èèyàn.

Ibi tó bá wa dé ìdí ọ̀rọ̀ tòní ni èyí tó kàn. Garrod béèrè pé, kí gan-an ni ọmọ yẹn ò jogún? Èsì rẹ̀ ni pé ẹ́ńsáìmù kan ló sọnù. Ẹ jẹ́ kí n fi gàrí ṣe é, torí èmi tí mo ka iṣẹ́ ìròyìn ní poli, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yé mi. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń rìn ín, ẹnì kan ń fún un, ẹnì kan ń yan án. Tí ẹni tó ń fún un ò bá wá síṣẹ́, àwọn tó ń bó, tó ń rìn, ò ní dúró. Ẹ̀gẹ́ rírìn á kàn máa pọ̀ sí i nílẹ̀ ni, omi rẹ̀ á máa ṣàn káàkiri. Nínú ara, ẹ́ńsáìmù ni òṣìṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú ẹni tó ní alkaptonuria, òṣìṣẹ́ kan ò sí níbi tí ara ti ń tú èròjà inú ẹran àti ẹ̀wà sí wẹ́wẹ́. Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ yẹn gbà kó tú ká á kóra jọ, á gba ojú ìtọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di dúdú. Ẹ́ńsáìmù ọ̀hún ò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà o, Garrod fi ọgbọ́n orí mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà ni.

Àmọ́ kò dúró síbi ìtọ̀ dúdú. Nínú iṣẹ́ ọdún 1902 yẹn náà ló ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí gbogbo èèyàn yàtọ̀ síra nínú kẹ́míkà ara, bí ojú wa ṣe yàtọ̀ síra. Ìtọ̀ dúdú kàn jẹ́ èyí tó hàn sóde. Ó ka bí oògùn ṣe ń ṣe àwọn ènìyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́ ọn, àti bí àrùn kan ṣe ń mú ẹnì kan tó ń fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ọdún 1902 o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìlọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìjọba òyìnbó nígbà náà ni.

Ní ọdún 1908, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù pè é pé kó wá sọ àwọn àsọyé ńlá wọn. Ó mú àìsàn mẹ́rin, ó tò wọ́n pọ̀: ìtọ̀ dúdú, òkúta cystine tó ń jókòó nínú kíndìnrín, ọ̀kan tí ṣúgà àjèjì ń bá ìtọ̀ jáde, àti èyí tí gbogbo wa mọ̀, àfín. Àfín tí a ti fi ṣe ẹbọ rí nílẹ̀ yìí, tí àwọn kan ṣì ń sá fún lójú títì! Garrod ní ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó ṣe àwọ̀ dúdú ara ni ò ṣiṣẹ́, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kó àwọn àsọyé náà jọ sínú ìwé.

Ẹ ó ti máa rò pé gbogbo ayé ló dìde tẹ́wọ́ gbà á. Rárá. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún un, wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ Royal Society lọ́dún 1910, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gan-an jókòó sórí pẹpẹ bí ìwé tí a rà tí a ò kà. Àwọn dókítà ní àìsàn tí kò tó nǹkan, tí wọn ò ní rí ẹni mẹ́wàá tó ní in títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì, kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Àwọn onímọ̀ àjogúnbá ò gbọ́ kẹ́míkà. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ò gbọ́ àjogúnbá. Garrod dúró sí oríta mẹ́ta, kò rí ẹni bá rìn.

Ogun wá dé. Ní ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n fi Garrod ránṣẹ́ sí erékùṣù Malta, ó ń ṣe olùdámọ̀ràn fún àwọn ọsibítù tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ wá. Ó ń wo ọmọ ọlọ́mọ sàn. Tirẹ̀ ń kú. Ogun pa ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní 1915, ó pa ìkejì ní 1916. Ìkẹta la ogun já. Àlàáfíà ti dé, ìbọn ti dákẹ́, ni àrùn lukulúkú tó jà káyé nígbà náà pa á ní Cologne, ní Jámánì, ní 1919. Àrùn kan náà tó dé ilẹ̀ wa yìí ní 1918, tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọmọkùnrin mẹ́ta, láàárín ọdún mẹ́rin. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè Sir dá a lọ́lá ní 1918. Mo máa ń rò ó pé irú ojú wo ló fi wo oyè yẹn.

Kò jókòó sínú ìbànújẹ́ náà títí láé. Ní 1920 wọ́n pè é sí Oxford, wọ́n fi í sórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn tí William Osler fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Ó wà níbẹ̀ títí di 1927. Ní 1931, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó tún gbé ìwé mìíràn jáde, ó ní kẹ́míkà tí a bí mọ́ kálukú wà lára ohun tó ń pinnu irú àrùn tó máa mú un. Ìwé yẹn náà ò rí oníbàárà tó bẹ́ẹ̀. Ó kú ní Cambridge ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1936. Dorothy, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù ú kù, di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìmọ̀ ohun àtijọ́ ní Cambridge ní 1939, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Cambridge tàbí Oxford. Ẹ̀yin tó ń sọ pé obìnrin ò lè jókòó sórí àga bàbá, ẹ gbọ́ nǹkan.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọjà rẹ̀ tó tà. Beadle àti Tatum ní Amẹ́ríkà fi ohun bí èébú tó ń hù lára búrẹ́dì ṣàwárí ní 1941 pé jíìnì ló ń ṣètò ẹ́ńsáìmù. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní Nobel ní 1958, Beadle sọ lójú gbogbo ayé pé Garrod ti ṣáájú àwọn débẹ̀. Ọdún 1958 kan náà ni wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní ìtọ̀ dúdú wò, tí wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù tí Garrod ní ó sọnù, ó sọnù lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló wá gbóná jù. Ẹ̀dọ̀ wa kún fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tú oògùn ká, kí ara lè rí i tì síta. Ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá yára jù, oògùn ti jáde kó tó ṣe ohun tó wá ṣe. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń fà, ìwọ̀n tó ṣe ẹlòmíràn lóore á kóra jọ sí i lára, á di májèlé. Láti nǹkan bí 1950 síwájú ni ẹ̀rí ti ń dé. Wọ́n rí i pé isoniazid, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, máa ń pẹ́ lára nǹkan bí ìdajì àwọn òyìnbó Yúróòpù, nígbà tó jẹ́ pé láàárín àwọn ará Japan, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni. Ní 1956, àwọn onímọ̀ kan ní Chicago ṣàlàyé ìdí tí primaquine, oògùn ibà, fi ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan. Ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD ló kéré lára wọn. Ní 1959, Vogel, ọmọ Jámánì, fún ẹ̀ka ìmọ̀ náà lórúkọ, pharmacogenetics.

G6PD yìí, tiwa ni o. Ara ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá dé bi pé nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní in, tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ títí wọ́n á fi kú. Kí ló gbé e wá tó bẹ́ẹ̀? Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn láti 1964 sí 1974, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1969 pé kòkòrò ibà kì í rí ààyè dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀ tí G6PD kéré nínú rẹ̀. Ohun tó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ẹ̀fọn ni oògùn òyìnbó wá bá pàdé. Ní 2008, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe LapDap, oògùn ibà kan tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà gan-an, kó o kúrò lọ́jà nítorí ó ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀ fún irú àwọn èèyàn wọ̀nyí.

Àti kánfọ̀! Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òkúta funfun olóòórùn tí à ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, náfítálínì ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Aṣọ òfì àti ìlédìí tí a ti fi kánfọ̀ tọ́jú fún oṣù mẹ́sàn-án, tí a wá fi we ọmọ tuntun tí G6PD rẹ̀ kéré, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ojú á pọ́n bí ìyeyè, ara á pọ́n. Tí wọn ò bá tètè gbé e dé ọsibítù, ibà pọ́njú yẹn lè wọ ọpọlọ, kó pa ọmọ, tàbí kó sọ ọ́ di adití, tàbí ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Àwọn dókítà ọmọdé ti ń pariwo rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Bẹ́ẹ̀ kánfọ̀ ṣì wà lórí àtẹ ní Ọjà Ọba, ó sì ṣì ń wà nínú ẹrù aboyún.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ò sùn. Ní 1977, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ẹ̀dọ̀ àwọn òyìnbó kan ò lè tú debrisoquine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú òyìnbó mẹ́wàá sí ogún, wọ́n á rí ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló gbé e mì, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ bí ìgbà tí okùn kànga já. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 1986, wọn ò rí ìpínyà kedere bíi ti òyìnbó. Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1990, ó hàn pé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ní oríṣi ẹ́ńsáìmù yẹn tirẹ̀, tí kò kú, tí kò sì yára, tó kàn ń fà. Ìyún chloroquine ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn fi èyí tó ń yún àti èyí tí kò yún wéra, wọ́n sì rí i pé chloroquine kì í tètè túká lára àwọn tó ń yún. Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní bọ́dìn.

Ṣé ẹ̀yà wá ni kí dókítà máa béèrè kó tó kọ oògùn? Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi Garrod gbọ́. Ẹ rìn láti Ìpàtà dé Pákátà, ẹ ka iye ẹ̀yà tí ẹ máa pàdé: Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Nupe, Baruba, Kànúrí. Bàbá ẹnì kan lè jẹ́ Fúlàní, ìyá rẹ̀ lè ti Ọ̀yọ́ wá, ìyá àgbà rẹ̀ lè jẹ́ Nupe, kí òun alára má gbọ́ èdè mìíràn ju Yorùbá Ìlọrin lọ. Dókítà tó bá wo orúkọ ara káàdì rẹ̀ ò rí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yà lè jẹ́ ká mọ ohun tó wọ́pọ̀ láwùjọ, kó ràn ìjọba lọ́wọ́ láti mọ oògùn tó máa rà. Kò lè sọ ohun tó wà lára Àlàbá tàbí Rísíkátù. Èèyàn kọ̀ọ̀kan ni Garrod ń wò. Nínú ìdílé tó mú un lókìkí gan-an, inú kan náà ló bí ọmọ tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú àti èyí tí tirẹ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́ lẹ́nu yín ni orúkọ oògùn tó ti dà yín láàmú rí, àti èyí tó da bàbá, ìyá, tàbí ọmọ ìyá yín láàmú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n.

Láti 2002, nígbà tí àwọn onímọ̀ àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní HapMap, láti wo ìyàtọ̀ inú jíìnì ọmọ ènìyàn, Ìbàdàn wà lára ibi tí wọ́n lọ. Ọgbọ̀n ìdílé Yorùbá, bàbá, ìyá àti ọmọ kan, 90 èèyàn lápapọ̀, fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn aráàdúgbò jókòó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n mú jáde lára ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì wà ní ìpamọ́ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Coriell ní Camden, New Jersey, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń rà á láti fi wádìí bí oògùn ṣe ń ṣe ara. Nínú ìwé wọn, àmì YRI ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i tí wọ́n fi àwọn 90 yẹn dúró fún gbogbo Áfíríkà. Wọn ò mú ẹnì kankan níbẹ̀ láti orúkọ Baruba, Nupe tàbí Fúlàní.